Ìṣẹ́tí Aṣọ: Ìtàn Ìmọ̀ Nípa Ìpẹ̀kun Kúrómósómù Ọmọ Ènìyàn

Bí ahunṣọ bá hun òfì tán, tí ó gé e, tí kò sì ṣẹ́ ẹ létí, kò ní pẹ́ tí òwú rẹ̀ yóò fi máa tú láti etí wá sí àárín. Aṣọ náà lè dára, kí aró rẹ̀ dúdú, kí ọnà rẹ̀ sì gún régé, síbẹ̀ etí ni ìbàjẹ́ rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn irú ìṣẹ́tí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, àfi pé ìṣẹ́tí tiwa yìí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ọ̀nà 92 ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara olúkúlùkù wa.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè ohun tí ó kan ẹ̀ka èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí a kò bá lè sọ ní èdè wa, ẹnu ẹlòmíràn ni a ó ti máa gbọ́ ọ títí ayé. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ènìyàn wa ní Ìbàdàn wà nínú ìtàn yìí, bí a ó ṣe rí i níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ sì wà nínú rẹ̀, àwọn tí a ti dá lẹ́jọ́ tí wọn kò jẹ̀bi.

Kúrómósómù ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní àárín sẹ́ẹ̀lì, orí rẹ̀ ni a kọ àwọn àbùdá tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá sí. Walther Flemming, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe àpèjúwe bí àwọn okùn wọ̀nyí ṣe ń pín sí méjì nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1882. Ní 1888 ni ọmọ Jámánì mìíràn, Wilhelm Waldeyer, fún wọn ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ di òní. Èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni 'ara aláwọ̀', nítorí pé àwọn okùn náà máa ń mu aró bí aṣọ funfun ti ń mu ún. Bí kò bá sí aró, ì bá ṣòro púpọ̀ láti rí wọn lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Kíka iye wọn di iṣẹ́ ńlá. Theophilus Painter ní Amẹ́ríkà kéde ní 1923 pé 48 ni ti ọmọ ènìyàn, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ní òpin ọdún 1955 ni Joe Hin Tjio, ẹni tí a bí sí erékùṣù Java, àti Albert Levan kà á ní ìlú Lund ní Sweden, tí wọ́n sì rí 46. Àwọn olùwádìí kan ní orílẹ̀-èdè kan náà ti rí 46 ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pa iṣẹ́ náà tì nítorí pé wọn kò rí méjì tí wọ́n rò pé ó sọnù! Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi èyí sọ́kàn nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń da ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí nù nítorí ohun tí ìwé sọ. Kúrómósómù 46, orí àti ìdí lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ó fún wa ní ìpẹ̀kun 92 tí a mẹ́nu bà lókè.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fura pé nǹkan pàtàkì wà ní ìpẹ̀kun ni Hermann Muller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí eṣinṣin èso. Ó máa ń ta ìtànṣán X-ray sí àwọn eṣinṣin náà lára, ìtànṣán yìí a sì já kúrómósómù wọn sí wẹ́wẹ́. Àwọn àjákù a tún máa so mọ́ ara wọn ní onírúurú ọ̀nà: òmíràn a yí orí sí ìdí, òmíràn a lọ so mọ́ kúrómósómù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Muller ṣàkíyèsí ohun kan. Ojú ibi tí ó já nìkan ni ó ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ó já. Ìpẹ̀kun àdámọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí kúrómósómù kan tí ó pàdánù ìpẹ̀kun rẹ̀ pátápátá tí ó sì wà láàyè bẹ́ẹ̀. Ní 1938 ni ó sọ ìpẹ̀kun náà ní orúkọ Gíríìkì, tẹ́lómíà, èyí tí í ṣe 'apá ìparí'.

Níhìn-ín ni a ó ti dá sí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Orúkọ tí Muller fún un sọ ibi tí nǹkan náà wà, kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí a bá pè é ní 'ìpẹ̀kun' ní èdè Yorùbá, àléébù kan náà ni a jogún. Lójú tiwa, 'ìṣẹ́tí' dára jù ú lọ, nítorí ìṣẹ́tí kì í ṣe etí lásán: iṣẹ́ tí a ṣe sí etí ni, kí ohun tí ó wà nínú má baà tú. 'Ìṣẹ́tí' ni a ó sì máa lò láti ìsinsìnyí lọ. Agbègbè tí ó tẹ̀lé e sínú, èyí tí ó jẹ́ kókó àròkọ wa gan-an, ni a ó máa pè ní 'ẹ̀bá ìṣẹ́tí'.

Ní àkókò kan náà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Barbara McClintock ń gbin àgbàdo, ó sì ń wo kúrómósómù inú rẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé bí kúrómósómù kan bá ti já, tí ìṣẹ́tí rẹ̀ sì sọnù, ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì yóò so pọ̀ ní ojú ibi tí ó já nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín. Apá ọ̀tún yóò fa tirẹ̀, apá òsì yóò fa tirẹ̀, okùn náà yóò nà bí afárá láàárín méjèèjì, yóò sì tún já. Ibi tí ó já sí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ibi ti àkọ́kọ́. Nítorí náà apá kan gba ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, apá kejì pàdánù. Ìjà bí ẹni ń fa okùn yìí a máa tẹ̀ síwájú láti ìran sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn, àmì rẹ̀ a sì hàn lára hóró àgbàdo gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ tótòtó. McClintock kọ èyí jáde láàárín 1938 sí 1941. Ó tún rí i pé nínú ọlẹ̀ àgbàdo, ojú ibi tí ó já a máa sàn, tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Nǹkan kan ń bẹ, nígbà náà, tí ó lè ṣẹ́ etí tuntun fún aṣọ tí ó ya.

A kò mọ̀ bí ẹ ó ti rí i, ṣùgbọ́n àwa ka iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí sí èyí tí ó ga jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà. Ọdún 1953 ni Watson àti Crick tó ṣàlàyé bí DNA ṣe rí. Muller àti McClintock kò mọ ohun tí a fi hun aṣọ náà, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ó ní ìṣẹ́tí. Muller gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1946. McClintock dúró di 1983, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún.

Nígbà tí a ti mọ DNA tán, ìṣòro mìíràn yọjú. Ní 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead ní ìlú Philadelphia fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń sìn nínú ìgò kì í pín títí láé. Bí ó bá ti pín tó nǹkan bí ìgbà àádọ́ta, yóò dáwọ́ dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan, Alexey Olovnikov, gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Moscow ní 1966. Bí ó ti ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni ó rò ó pé bí ọkọ̀ ojú irin bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń da DNA kọ, tí ojú irin sì jẹ́ DNA náà, abala ojú irin tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ gan-an nígbà tí ó bá kọ́kọ́ dúró kò ní ṣeé dà kọ. Nítorí náà, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí sẹ́ẹ̀lì bá pín, díẹ̀ yóò kúrú lára ìpẹ̀kun. Ó tẹ èrò yìí jáde ní èdè Rọ́ṣíà ní 1971. James Watson náà tọ́ka sí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ní 1972 láìjẹ́ pé ó gbọ́ ti ẹni ìṣáájú. Ó hàn gbangba pé ìṣẹ́tí ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè ni pé ta ní ń tún un ṣẹ́?

Ẹ̀dá omi kan tí ó ní sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó dáhùn. Tetrahymena ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kúrómósómù kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́tí pọ̀ lára rẹ̀ bí ó ti pọ̀ nínú ìsọ̀ aránṣọ. Elizabeth Blackburn, ọmọ ilẹ̀ Australia, àti Joseph Gall ní Yunifásítì Yale ka lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì kéde ní 1978 pé ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ṣoṣo, TTGGGG, ni a ń tún kọ léraléra níbẹ̀, láti ogún ìgbà dé àádọ́rin. Ní 1982, Blackburn àti Jack Szostak mú ìṣẹ́tí ẹ̀dá omi yìí, wọ́n so ó mọ́ DNA tí wọ́n fi sínú ìwúkàrà, ìṣẹ́tí náà sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni. Ẹ̀dá méjì tí wọn kò bá ara wọn tan rárá ń lo irú ìṣẹ́tí kan náà! Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1984 ni Carol Greider, ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Blackburn ní Berkeley, rí àmì àkọ́kọ́ ẹ́ńsáìmù tí ń rán ìṣẹ́tí náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1985. Ní 2009 ni àwọn mẹ́ta yìí pín Ẹ̀bùn Nobel. Ní ti ọmọ ènìyàn, Robert Moyzis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Alamos ni wọ́n fi hàn ní 1988 pé TTAGGG ni ọ̀rọ̀ tiwa, èyí tí a ń tún kọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi ìtàn náà mọ, wọn a sì yà sí ọ̀rọ̀ ogbó àti àrùn jẹjẹrẹ. Àwa kò ní bá wọn yà. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ohun tí a rí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹ̀bá ìṣẹ́tí.

Ìṣẹ́tí fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ láti kúrómósómù kan sí òmíràn. Ẹ̀bá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣí wọlé díẹ̀ láti ìṣẹ́tí, aṣọ alábùlẹ̀ ni a ó bá: abala kan tí ó jọ ti kúrómósómù kẹrin, òmíràn tí ó jọ ti kẹwàá, òmíràn tí ó wà lórí méje tàbí mẹ́jọ nínú wọn. Àbùlẹ̀ náà kò sì dọ́gba láàárín ènìyàn sí ènìyàn. Ibi tí ẹnìkan ní àbùlẹ̀ mẹ́ta, ẹlòmíràn lè ní ọ̀kan, kí àwọn méjèèjì sì ní ìlera pípé.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi èyí hàn kedere kò wá a. Àrùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ní Oxford, Andrew Wilkie, Douglas Higgs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn jíìnì tí ń ṣe apá kan nínú hẹmogilóbìn, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé atẹ́gùn kiri. Àwọn jíìnì náà, tí a ń pè ní álífà, wà nítòsí ìpẹ̀kun apá kúkúrú kúrómósómù kẹrìndínlógún. Bí wọ́n bá dín, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní álífà talasẹ́míà ni ó ń tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa gan-an. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pàdánù ọ̀kan nínú àwọn jíìnì álífà mẹ́rin tí ó yẹ kí ènìyàn ní, nítorí pé àdánù náà a máa dín agbára ibà kù. Ẹni tí ó bá sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í yára bàjẹ́ tó ti ẹni tí jíìnì álífà rẹ̀ pé. Higgs àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi èyí hàn ní 1982 láàárín àwọn aláìsàn ní Jàmáíkà, àwọn tí púpọ̀ nínú ìran wọn ti etíkun ilẹ̀ wa lọ.

Ní 1990 ni àwọn ará Oxford yìí kéde pé wọ́n rí ẹnìkan tí ìpẹ̀kun kúrómósómù kẹrìndínlógún rẹ̀ já dànù pátápátá, tí TTAGGG tuntun sì ti rán ara rẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ó já. Ohun tí McClintock rí nínú àgbàdo ní àádọ́ta ọdún ṣáájú ni ó tún ṣẹlẹ̀ lára ènìyàn yìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n wọn gígùn agbègbè náà lára kúrómósómù 47. Àwọn tí ó fi ọgbọ́n orí rò ó tẹ́lẹ̀ ì bá sọ pé gígùn kan náà ni wọn yóò bá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára àwọn kan, lẹ́tà 170,000 ni ó wà láàárín jíìnì álífà àti ìṣẹ́tí. Lára àwọn mìíràn, 350,000. Lára àwọn mìíràn sì ni 430,000. Ìyàtọ̀ lẹ́tà 260,000 ni ó wà láàárín ènìyàn méjì tí kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀kankan nínú wọn! Bí wọ́n sì ti jìnnà sí jíìnì álífà tó lẹ́tà 145,000, àwọn irú méjì tí ó wọ́pọ̀ jù kò jọ ara wọn mọ́ rárá: ìpẹ̀kun kúrómósómù mìíràn ni olúkúlùkù wọn jọ. Ó dà bí ìgbà tí agbádá méjì bá jọ ara wọn láti ọrùn dé orúnkún, ṣùgbọ́n tí ìdí ọ̀kan jẹ́ sányán tí ti èkejì sì jẹ́ àlàárì. Àlàyé wọn ni pé àwọn kúrómósómù tí kì í ṣe ìbejì a máa ṣe pàṣípààrọ̀ ìdí aṣọ láàárín ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Barbara Trask ní Seattle mú ọ̀rọ̀ náà lọ jìnnà sí i. Ní 1998, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpasẹ̀ àbùlẹ̀ ńlá kan tí àwọn jíìnì òórùn wà nínú rẹ̀, èyíinì ni àwọn tí imú fi ń mọ òórùn nǹkan. Wọ́n wá a lára àwọn ènìyàn láti apá ibi púpọ̀ ní ayé. Lórí ìpẹ̀kun mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní in. Lórí àwọn ìpẹ̀kun yòókù tí wọ́n ti rí i, ti ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni iye ẹ̀dà rẹ̀ lápapọ̀ sì ń lọ láti méje sí mọ́kànlá. Lára ìnàkí, ibì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà. Èyí fi hàn pé lẹ́yìn tí ìran ènìyàn ti yà kúrò lára ti ìnàkí ni àbùlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí fò káàkiri. Nígbà tí Elena Linardopoulou àti Trask ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2005, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀bá ìṣẹ́tí nígbà náà tí ó dé sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn ìyapa yẹn. Ẹ̀bá ìṣẹ́tí jẹ́ ibi tí ọmọ ènìyàn ti ń yí padà kíákíá.

Ìtàn kan tún wà tí ó bá èyí mu. Kúrómósómù ìnàkí jẹ́ 48, tiwa jẹ́ 46. Níbo ni méjì lọ? Ní 1991 ni J. W. IJdo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale rí ìṣẹ́tí méjì tí wọ́n fi orí kan orí ní àárín kúrómósómù kejì ti ènìyàn. Ìṣẹ́tí kì í gbé àárín aṣọ. Bí a bá rí i níbẹ̀, aṣọ méjì ni a rán pọ̀. Kúrómósómù méjì ti àwọn baba ńlá wa ìgbàanì so pọ̀ ní ìpẹ̀kun, wọ́n sì di ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun ni. Ní 1963, Jérôme Lejeune ní Paris ṣe àpèjúwe àwọn ọmọ tí igbe wọn jọ ti ológbò, tí orí wọn kéré, tí òye wọn kò sì jí bọ̀rọ̀. Apá kan ní ìpẹ̀kun kúrómósómù karùn-ún wọn ni ó já dànù. Ní 1965, Ulrich Wolf ní Jámánì àti Kurt Hirschhorn ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù ní tirẹ̀, ṣe àpèjúwe irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní ìpẹ̀kun kúrómósómù kẹrin. Àwọn wọ̀nyí ṣeé rí nítorí pé ohun tí ó já tóbi. Èyí tí ó kéré kò ṣeé rí. Aró tí wọ́n wá ń lò lẹ́yìn ìgbà náà máa ń fi ilà dúdú àti funfun sára kúrómósómù, ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun gbogbo wọn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun. Bí funfun bá fi ara rẹ̀ rọ́pò funfun, ta ni yóò mọ̀?

Fún ìdí èyí, ọ̀pọ̀ òbí ni dókítà sọ fún pé kúrómósómù ọmọ wọn pé, pé kò sí ohun tí ó ṣe é, nígbà tí ọmọ náà kò lè rìn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Jonathan Flint àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ni wọ́n ronú ní 1995 láti máa yẹ ìpẹ̀kun wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1999 ni Samantha Knight, Flint àti àwọn yòókù tẹ àbájáde tí ó gbajúmọ̀ jáde: nínú àwọn ọmọ 466 tí ìdí àìjí òye wọn kò hàn, àwọn tí tiwọn le díẹ̀ tàbí tí ó le gan-an ní ìyípadà ní ẹ̀bá ìṣẹ́tí ní ìwọ̀n 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tí tiwọn kò le, kò ju ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn ẹbí tí wọ́n rí, ọ̀ràn náà ti ọ̀dọ̀ òbí wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé èyí dáadáa. Òbí kan lè gbé pàṣípààrọ̀ tí ó pé: ìdí kúrómósómù kẹrin rẹ̀ wà lára kẹjọ, ìdí kẹjọ wà lára kẹrin. Kò sí ohun tí ó sọnù, ara òbí náà sì le koko. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ bímọ, ọ̀kan péré nínú ẹ̀dà méjì ni ó ń fún ọmọ. Ọmọ kan lè gba méjèèjì tí ó pé ṣánṣán. Òmíràn a gba pàṣípààrọ̀ náà lódindi, yóò sì le bí òbí rẹ̀. Òmíràn a gba èyí tí ó dín ní apá kan tí ó sì lé ní apá kejì. Oyún irú ẹni kẹta yìí lè bàjẹ́. Bí ó bá sì wá sáyé, ó lè kú ní kékeré tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ má dàgbà. Nínú agbo ilé wa, bí obìnrin bá bí irú ọmọ báyìí léraléra láàárín àwọn ọmọ tí ara wọn dá, a mọ ohun tí àwọn ará ilé máa ń sọ. Wọn a ní àbíkú ni, tàbí kí wọ́n ní ọwọ́ ìyá náà kò mọ́, ọkọ a sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá lè jẹ́ ẹni tí ó gbé pàṣípààrọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìyá ti lè gbé e. Kò sí ohun tí ọ̀kankan nínú wọn jẹ, tí ó mu, tàbí tí ó ṣe tí ó fà á.

Àìsàn mìíràn tí ó ti ẹ̀bá ìṣẹ́tí wá ni èyí tí Louis Landouzy àti Joseph Dejerine ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé láti àwọn ọdún 1880, èyí tí ń jẹ ẹran ara ojú, èjìká àti apá, tí ẹni tí ó ń ṣe kò fi ní lè súfèé tàbí gbé ọwọ́ sókè. Ní 1990 ni àwọn olùwádìí ilẹ̀ Netherlands tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìpẹ̀kun kúrómósómù kẹrin. Abala kan wà níbẹ̀ tí gígùn rẹ̀ tó lẹ́tà 3,300, tí a tún kọ léraléra. Ara ẹni tí ó bá ní i ní ìgbà 11 sí 100 yóò dá ṣáká. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàárín 1 sí 10 ni àìsàn lè mú. Irú abala kan náà wà ní ìpẹ̀kun kúrómósómù kẹwàá, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó kúrú tó níbẹ̀, kì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ogún ọdún ni àdììtú yìí fi wà nílẹ̀. Ní 2010 ni Richard Lemmers, Silvère van der Maarel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé rẹ̀: bí àwọn abala náà bá kúrú jù, jíìnì kan tí ó yẹ kí ó sùn nínú wọn a jí, àwọn lẹ́tà díẹ̀ lẹ́yìn abala tí ó kẹ́yìn sì ni ó ń pinnu bóyá iṣẹ́ tí jíìnì náà ń rán yóò dúró tàbí yóò túká. Irú ìpẹ̀kun kúrómósómù kẹrin kan ní àwọn lẹ́tà náà, irú kejì kò ní wọn. Àwọn méjèèjì sì wọ́pọ̀ láàárín ènìyàn.

Ní 2001 ni a gbé ìwé àbùdá ọmọ ènìyàn jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí, tí wọ́n sì kéde ní 2003 pé ó parí. Ọ̀rọ̀ 'parí' yẹn kò bọ́ sí i lójú tiwa. Ọ̀pọ̀ ìpẹ̀kun ni a fi sílẹ̀ lófìfo, nítorí pé ọgbọ́n tí wọ́n ń lò ni láti gé DNA wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì tò ó padà. Nígbà tí àbùlẹ̀ bá sì jọ ara wọn ní ibi ogún, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ ti ibo. Ẹ fọkàn ro ẹni tí ó ya ìwé oríkì ogún ìlú sí wẹ́wẹ́, tí ìlà kan náà wà nínú gbogbo wọn.

Ibí yìí ni Ìbàdàn ti wọ ìtàn. Ní 2002 ni iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láti mọ ibi tí àbùdá ènìyàn ti yàtọ̀ síra káàkiri ayé. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, àwọn Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ọgbọ̀n ilé, fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. A kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Ní 2008, nígbà tí Jeffrey Kidd, Evan Eichler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá àwọn ìyípadà ńláńlá inú DNA lára ènìyàn mẹ́jọ, Yorùbá láti Ìbàdàn ni mẹ́rin nínú wọn. Kì í ṣe àánú ni a fi mú wọn. Ìyàtọ̀ inú àbùdá pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà ju láàárín ìran mìíràn lọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà fi àbùlẹ̀ sí aṣọ kan, ibi tí irú aṣọ pọ̀ sí ni yóò lọ.

Ní 2022 ni ọgbọ́n tuntun tí ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jẹ́ kí a ka kúrómósómù ènìyàn láti ìṣẹ́tí dé ìṣẹ́tí fún ìgbà àkọ́kọ́, láìfi àyè kankan sílẹ̀; kúrómósómù Y nìkan ni ó dúró di 2023. Ṣùgbọ́n DNA tí wọ́n kà kì í ṣe ti ènìyàn tí ó wà láàyè. Oyún tí kò di ọmọ ni, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì ti ọ̀dọ̀ bàbá wá tí wọ́n sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti kà. Ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kò ní ju irú ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá ń wá irú 170,000 àti irú 430,000 ti kúrómósómù kẹrìndínlógún kò lè rí méjèèjì nínú ìwé kan ṣoṣo. Ní oṣù karùn-ún 2023 ni a tẹ ìwé àbùdá àwọn ènìyàn 47 láti oríṣiríṣi ìran jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìran Áfíríkà. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n kà lára ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó yẹ kí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ní di 94. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú okùn wọ̀nyí ni ó já kí kíkà tó dé ìṣẹ́tí.